Owó kòkó: ṣé ìlara làwọn ẹbí mi ń ṣe sí mi ni, àbí wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí i lóòótọ́?

ỌmọOníkòkó (Ìkọ̀lé-Èkìtì)

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Sátidé tí mi ò fi rí oorun sùn dáadáa, mo ní kí n gbé e wá síbí torí tí mo bá tún dá a sílẹ̀ nínú ilé, ìjà ló máa dà.

Ẹni ọdún 43 ni mí, oko kòkó bàbá wa ni mò ń dá. Nígbà tí bàbá kú lọ́dún 2009, àwa ọmọ mẹ́fà la jókòó pín ogún, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ oko. Igi ti gbó, igbó ti bo ìdajì ẹ̀, kòkó gan-an ò sì lówó lórí bíi tàtijọ́. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà mú ilé tó wà ní Adó, èyí tó tẹ̀ lé e mú ilẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, nígbà tó kàn mí wọ́n ní "ìwọ tí o ò kàwé púpọ̀, ìwọ ni kó o máa mú oko", wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Mo mú un. Mo ro ó, mo gé àwọn igi tó ti kú, mo gbin ọmọ kòkó tuntun sí i, mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíji bò ó. Ẹni tó bá mọ kòkó á mọ̀ pé ó tó ọdún mẹ́ta mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, gbogbo àsìkò yẹn ìyàwó mi ló ń fi àkàrà bọ́ wa ní ẹ̀bá títì, èmi náà sì ń bá wọn gun ọ̀kadà lálẹ́. Kò sí ẹ̀gbọ́n kankan tó bi mí pé kí lò ń jẹ.

2024 dé, gbogbo yín lẹ gbọ́. Kòkó tí tọ́ọ̀nù ẹ̀ ń lọ ní bíi $2,500 lọ́jà àgbáyé fún ọ̀pọ̀ ọdún ré kọjá $10,000 ní March, nígbà tó fi di December ó ti kọjá $12,000. Mo ta tọ́ọ̀nù méjì lé díẹ̀ lọ́dún yẹn. Mo parí ilé mi, mo ra Sienna tòkúnbọ̀ kan, mo sin ìyá ìyàwó mi bó ṣe yẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn.

Sátidé tó kọjá a ṣe ìpàdé ẹbí nílé mi. Kí wọ́n tó jókòó pàápàá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin di etí kọ́tìnì pálọ̀ mi mú, ó ń fi ìka méjì yẹ̀ ẹ́ wò bí ìgbà tí èèyàn ń yẹ aṣọ wò lọ́jà, ó ní "ẹ̀yin lẹ ń jayé". Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní oko bàbá làwọn náà ní ìpín ńbẹ̀, pé ká máa pín owó ẹ̀ lọ́dọọdún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì wá dìde, ó ní "Bàbá kékeré, ẹ̀yin ni kápítálísì ilé yìí", gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ó wá ń ṣàlàyé sóṣíálísíìmù fún wa, pé ọrọ̀ kì í ṣe tẹnì kan, gbogbo ayé ló jọ ń ṣe é, ó yẹ kí gbogbo ayé jọ jẹ ẹ́. Ọmọ tí mo san owó ìdánwò JAMB ẹ̀ o! Inú bí mi, mo ní ìlara ló ń dà wọ́n láàmú, gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà dìde, ó gbé fìlà ẹ̀, ó lọ, kò sì tíì gbé fóònù mi títí di òní.

Ẹ bá mi sọ ọ́. Ṣé mo ṣì í sọ ni?

---

Bọ̀dáMẹkáníìkì (Adó)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣì í sọ rárá, ìlara ni, orúkọ mìíràn ò sì sí fún un. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ń sùn, abẹ́ ọkọ̀ Peugeot kan báyìí tí ò ní ẹ́ńjìnì, ẹ̀fọn ilẹ̀ Adó ti mọ orúkọ mi. Àwọn tá a jọ parí níléèwé ń kọjá wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lónìí tí mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi pẹ̀lú ọmọṣẹ́ mẹ́rin, wọ́n ní mo ń lo nǹkan. Èwo ni nǹkan? Ṣé sípánà ni wọ́n ń pè ní nǹkan?

Ẹ sọ fún ọmọ yunifásítì yẹn kó lọ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní China. Oko àjùmọ̀dá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì, ebi sì ń pa wọ́n. Lọ́dún 1978 ni àwọn àgbẹ̀ abúlé kan tó ń jẹ́ Xiaogang, ilé 18, fi ìka tẹ ìwé ní ìkọ̀kọ̀ pé káwọn pín ilẹ̀, kí kálukú máa dá tiẹ̀, tí wọ́n bá rí wọn wọ́n lè lọ ṣẹ̀wọ̀n o. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ọkà ò rí àyè gbà mọ́ nínú ilé wọn. Ìjọba fúnra ẹ̀ ló wá ní kí gbogbo ìlú ṣe bí tiwọn. Ohun tó bá ti jẹ́ ti gbogbo wa, kì í ṣe ti ẹnì kankan, òun ló fà á. Ẹ wo páǹpù omi tí wọ́n gbẹ́ fún àdúgbò wa, ta ló ń tún un ṣe tó bá bàjẹ́? Ó ti tó ọdún méjì tó ti dákú.

Ẹ má pín nǹkan kan fún wọn jàre.

---

ÌyáAlájọ (Ọjà Ọba, Adó)

Ìlara, ìlara, ìlara. Kí ẹni tó lówó ṣáà ti sọ̀rọ̀, ìlara ni wọ́n ń ṣe sí i. Tí tálákà bá ní ebi ń pa òun, ìlara ni. Tó bá ní kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe, ó ń jowú àwọn tó ní mọ́tò 😂

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń gba àjọ lọ́jà yìí ó ti lé lógún ọdún. Káàdì gbogbo wọn wà lọ́wọ́ mi, mo sì mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ò ṣe é. Obìnrin kan wà tó ń bó iṣu fún àwọn oníyán, kí n tó jí ló ti wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ti le bí èèpo igi, ó ń yún un láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ torí iṣu yẹn. ₦500 ló ń dá lójúmọ́. Tóṣù bá pé, ₦15,000, mo yọ ₦500 tèmi, mo kó ₦14,500 lé e lọ́wọ́, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó so ó mọ́ ìdí ìró. Kò pa ọjọ́ kan jẹ rí àfi ìgbà tó bímọ. Ọdún kọkànlá rèé. ₦200 ló ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ₦500 yìí kò jù ú lọ, torí gbogbo ohun tó wà lọ́jà náà ti gòkè. Ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ wá sọ fún pé kò ṣiṣẹ́ tó.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì yẹn, ẹ kú iṣẹ́ o, mi ò bú yín. Ṣùgbọ́n ta ló san owó ìkọ́ṣẹ́ yín? Ó dá mi lójú pé ẹnì kan ni.

Nípa ti ìjọba, mo rántí owó arúgbó tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkìtì lọ́dún 2011, ₦5,000 lóṣù fún ẹni tó bá ti pé 65. Ìyá mi gbà á. Ẹ má rí i lójú pé ₦5,000 ni. Ìyá mi tó máa ń rọra yọjú sí mi tó bá fẹ́ tọrọ owó oògùn, tó máa kọ́kọ́ bi mí léèrè ọmọ, ọkọ, ọjà, kó tó wá sọ ohun tó bá wá, oṣù tó kọ́kọ́ gba owó yẹn ló ra ẹja, ó sè é, ó ní kí n wá jẹun. Èmi o! Ó pè mí wá jẹun. Nígbà tó yá owó ò wá mọ́, òun náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọmọ, ọkọ, ọjà.

Ọmọ oníkòkó, ọ̀rọ̀ kọ́tìnì yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ò ṣe dáadáa. Àmọ́ ṣó o ti bi í pé kọ́tìnì wo ló wà nílé tiẹ̀?

---

Tísà_Fẹ̀yìntì (Ìjerò)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin ọmọ. Mo kà á tán, mo tún un kà.

Àbúrò mi oníkòkó, mo kí ọ kú iṣẹ́ gan-an, oko tí igbó ti bò kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́, ta ló gbé kòkó dé $12,000? Ìwọ kọ́. Ṣebí kòkó tó ò ń ká ní 2019 náà lò ń ká ní 2024, ọ̀bẹ kan náà, agbọ̀n kan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ojú ọjọ́ dojú rú ní Ghana àti Ivory Coast, àrùn tún bá igi wọn jà, àwọn méjèèjì yìí ló sì ń mú èyí tó ju ìdajì kòkó ayé wá. Nígbà tí tiwọn ò tó mọ́, tìẹ wọ́n. Àgbẹ̀ ará Ghana tó fi àdá gé igi ẹ̀ tó lárùn pẹ̀lú omijé, ṣé ọ̀lẹ ni? Iṣẹ́ rẹ ló mú kí kòkó wà lórí igi, mo gbà. Iye tí wọ́n rà á, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ulé yín.

Èmi wà lára àwọn tó wọ kíláàsì kìíní ní January 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ní kí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ọdún tó ṣáájú, àwọn ọmọ tó wà níléèwé lágbègbè wa ò pé 460,000. Ọdún yẹn a lé ní 811,000. A pọ̀ débi pé abẹ́ igi la ti kọ́kọ́ kàwé, tísà tiwa fúnra ẹ̀ ò ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé lọ, ó máa ń bẹ̀rù ìṣirò ju àwa lọ. Bàbá mi ò ní igi kòkó kan ṣoṣo. Uṣu ló ń gbìn. Kò bá má sí ọ̀fẹ́ yẹn, oko uṣu lẹ bá ti máa pè mí lónìí, ẹ ò ní pè mí ní Tísà.

Níbo lowó ẹ̀ ti wá? Kòkó kó ipa ńlá níbẹ̀. Bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ kì í san gbogbo iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, wọ́n ń fi èyí tó kù pamọ́, ìjọba sì ń rí nínú ẹ̀ mú. Bàbá bàbá rẹ wà lára àwọn tó rán mi níléèwé, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Mo máa ń ronú sí i nígbà míì. Àwọn kan wà lóko tí ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀, tí mi ò mọ ojú wọn, tí mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn rí.

Nígbà tí Awólọ́wọ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú UPN sílẹ̀ ní 1978, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà nínú ohun mẹ́rin tó gbé wá, sóṣíálísíìmù ló sì pe ìlànà ẹ̀. Kò ní ká lọ gba ilé onílé o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tí wọ́n á máa rò pé wọ́n fẹ́ wá pín ìyàwó wọn.

---

ỌmọOníkòkó

Bàbá, ẹ ṣeun sà, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ti bàbá bàbá mi náà. Wọ́n sọ fún wa pé ó máa ń ti oko dé, á gbé kòkó lé ìwọ̀n, olùwọ̀n á fi ẹsẹ̀ ti ìwọ̀n díẹ̀, á tún ní kòkó ò gbẹ tó, á tún yọ tiẹ̀. Kó tó kan ti bọ́ọ̀dù! Wọ́n gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ kọ́ ọmọ ẹlòmíì, ọmọ tiẹ̀, ìyẹn bàbá mi, oko ló wà torí pé wọ́n nílò ẹni tó máa já kòkó. Ṣé ẹ rí i? Àgbẹ̀ ló san án, àwọn mìíràn ló di tísà (ẹ má bínú sà). Ìgbà tí ọ̀rọ̀ owó orí sì tún kún un ní 1968, ṣebí àwọn àgbẹ̀ bínú, wọ́n di Agbẹ́kọ̀yà. Nígbà tí wọ́n wá tú bọ́ọ̀dù ká ní 1986, bàbá mi jó. Ó jó gan-an, màmá wa ló sọ fún wa.

Mi ò lòdì sí kí èèyàn fún èèyàn. Mo ń fún wọn. Èyí tí wọ́n á fi máa pàṣẹ fún mi, tí wọ́n á máa kà á fún mi bí owó oṣù, òun ni mi ò fẹ́.

---

Tísà_Fẹ̀yìntì

Òótọ́ lo sọ nípa ìwọ̀n. Mo mọ olùwọ̀n kan ní Ìjerò níhìn-ín tó fi ẹsẹ̀ kọ́lé. Mi ò bínú.

---

Ará_Òkun (Ìgbòkòdá)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀, ọmọ Ìdó-Èkìtì ni mí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé mi dé Ìlàjẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sí China, ṣé ẹ gbọ́ nípa Ayétòrò rí? Inú Oǹdó níbí ni. Àwọn onígbàgbọ́ kan ló dá a sílẹ̀ ní 1947 létí òkun, lórí omi, wọ́n ní àwọn ò ní ní ohun-ìní kálukú, gbogbo ẹ̀ di ọ̀kan. Ẹni tó pa ẹja, ti gbogbo wa ni. Ẹni tó kan ọkọ̀, ti gbogbo wa ni. Kò sẹ́ni tó ń gba owó oṣù, ìlú ló ń bọ́ ẹ, tó ń wọ aṣọ fún ẹ. Ẹ má rò pé ebi pa wọ́n o. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n ti ní iná mànàmáná nígbà tí àtùpà ni ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ń tàn. Àwọn òyìnbó ń wá wò wọ́n.

Nígbà tó yá kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í mú tiẹ̀. Mo bi bàbá kan tó dàgbà síbẹ̀ pé kí ló bà á jẹ́, mo rò pé á ní ọ̀lẹ ni, bí bọ̀dá mẹkáníìkì ṣe sọ. Ó ní rárá, àwọn èèyàn ṣiṣẹ́. Ó ní ìgbà táwọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwo ẹni tó ń pín oúnjẹ làwọn mọ̀ pé ó ti tán.

Òkun ló ń jẹ ìlú náà lọ báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé, gbogbo ẹ̀, ìyẹn ò ní kálukú tàbí àjùmọ̀ní nínú.

---

Bọ̀dáMẹkáníìkì

Àwo ẹni tó ń pín oúnjẹ! Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ìyá Alájọ, ẹ̀gbọ́n màmá mi ló san owó ìkọ́ṣẹ́ mi, Ọlọ́run má jẹ́ kí n purọ́. Mo ra firíìjì fún wọn lọ́dún tó kọjá.

---

ỌmọẸ̀bìrà_Ọ̀mùò

Ẹ kú iṣẹ́ níbí o. Ìlú Ọ̀mùò ni wọ́n bí mi sí, Ẹ̀bìrà ni bàbá mi, èdè yín ni mo fi ń lálàá. Mi ò mọ̀wé bíi tiyín, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún ẹ̀gbọ́n oníkòkó.

Láti òkè tí mo ti ń kà á bọ̀, "mo ro ó, mo gé e, mo gbìn ín, mo tà á". Kòkó tọ́ọ̀nù méjì lé, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ já a, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ fọ́ ọ. Èmi náà ti ṣe iṣẹ́ ọdún rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo mọ̀ ọ́n. Èèyàn á dé ní January, á sùn ní ahéré, á ro igbó, á gbé páǹpù oògùn kọ́ ẹ̀yìn títí aṣọ á fi máa rùn, á já kòkó, á fọ́ ọ, á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í, á sá a, tí òjò bá ṣú lóru á sáré dìde lọ kó o. December ló tó rí owó.

Àwọn tó ṣiṣẹ́ ọdún fún yín ní 2024, èló lẹ san fún wọn?

---

ÌyáAlájọ

Háà.

---

ỌmọOníkòkó

Àná ni mo ti rí ìbéèrè yìí, mo kàn ń ṣí fóònù, mò ń pa á dé ni.

Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n, Benue ni wọ́n ti wá. A jọ sọ ọ́ ní January pé ₦450,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gàrí, iṣu, epo, ibi tí wọ́n á sùn. Ó pọ̀ díẹ̀ sí ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo san án pé, mi ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kọ síbí lánàá, mo wá pa á rẹ́.

Torí mo rántí ọjọ́ kan ní November. À ń kó àpò kòkó sẹ́yìn ọkọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á, owó ń gòkè lójoojúmọ́ nígbà yẹn, ayọ̀ ò jẹ́ kí n rí nǹkan kan. Èyí tó dàgbà nínú wọn gbé àpò lé èjìká, ó dúró, ó ní "Ọ̀gá, wọ́n ní kòkó ti wọ́n gan-an lọ́dún yìí". Ohun tó sọ ò ju ìyẹn lọ. Mo ní "ìyẹn ò kàn ẹ́, gbé ẹrù". Ó gbé e. Nígbà Kérésì mo ra bàtà kọ̀ọ̀kan fún wọn, mo tún rò pé mo ṣe dáadáa. Bóyá ohùn tí mo fi dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ lẹ́nu mi ní Sátidé, mi ò mọ̀.

Nọ́ńbà ẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi. Mo pè é láàárọ̀ yìí. Ó gbé e, ó kí mi dáadáa, ó bi mí léèrè ọmọ. Ó lóun wà lóko ẹnì kan lọ́nà Ọ̀wọ̀ báyìí, mo ní mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ owó kan, ó dákẹ́. Ó wá rọra ní kí n tún pe òun lálẹ́, pé ọ̀gá òun ń wo òun.